Bí Mo Ṣe Lọ Kọ́ Ọmọ Kan ní Fífì Lórí Ọ̀pá ní Oǹdó

Àwọn ará Àkúrẹ́ yóò rẹ́rìn-ín pé mo pe Oǹdó ní ìrìn àjò. Wọn yóò ní láti ibí dé ibẹ̀ kò ju kí èèyàn tòògbé kó tún jí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni n kò ti jáde kúrò ní Àkúrẹ́ bí kò ṣe fún ìsìnkú, ìsìnkú kì í sì í ṣe ìrìn àjò.

Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ni mo kúrò nílé wa lẹ́yìn Arákálé. Ọkọ mi ṣì ń hanrun. Mo gbé báàgì kọ́ èjìká, mo ká fóòmù kan bí ẹní sábẹ́ apá, mo sì fi ọ̀rá di ìyẹ̀fun ẹfun kílò méjì dání. Ọlọ́kadà tí mo dá dúró wo ẹrù mi, ó wò mí lójú, ó ní, "Màámi, ṣé wọ́n lé yín jáde ni?" Mo ní kó máa wa ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Kí n tó jìnnà, ó yẹ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní jimnásíìkì, pàápàá ti orí ọ̀pá méjì. Wọ́n máa ń gbé ọ̀pá irin méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú. Ọmọ yóò so rọ̀ mọ́ èyí tó kúrú, yóò máa fì, yóò gun orí rẹ̀, yóò fò mọ́ èyí tó ga, yóò tún máa fì níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé agbára apá ni wọ́n fi ń ṣe é. Irọ́ ni. Mímọ àsìkò ni. Bí ara bá ń bọ̀ wálẹ̀, kó na tàntàn. Bó bá ti kọjá lábẹ́ ọ̀pá, kí ẹsẹ̀ ta síwájú bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá yá jù kò ní ròkè, ẹni tó bá pẹ́ jù kò ní ròkè. Ibi kan ṣoṣo ló sì wà tí èèyàn ti lè jáwọ́ láìsí ewu, ìyẹn òpin ìfì lẹ́yìn, níbi tí ara ti máa ń fúyẹ́ díẹ̀ kó tó padà. Ẹni tó bá jáwọ́ níbòmíràn, a jẹ́ pé ó fi ara rẹ̀ ta ilẹ̀ lọ́rẹ.

Wẹ́dà kan ní Oǹdó ló ránṣẹ́ pè mí. Morẹ́nikẹ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wà lọ́dọ̀ mi nígbà ìsinmi, mo sì ti rí i pé ọmọ náà ní ẹ̀bùn. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọn yóò yan àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ wa, ní Àkúrẹ́. Bàbá rẹ̀ ní òun yóò ṣe ọ̀pá náà fún un nílé, kí n fi àwòrán ránṣẹ́, kí n sì wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Ìyá tó bí bàbá náà, Màmá Àgbà, kò fọwọ́ sí eré yìí. Ó ní òun yóò wá fojú ara òun wò ó lọ́jọ́ náà ní aago méjìlá, ohun tí òun bá sì sọ ni abẹ gé. "Kóòṣì," ni bàbá náà wí lórí fóònù, "bí Màmá bá ti ní rárá, èmi tí mo bí ọmọ kò tó bẹ́ẹ̀ láti ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ní gáréèjì, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni owó ọkọ̀, a sì jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú nítorí èrò kan tó kù. Ìyá tó jókòó tì mí fi ìka tẹ ọ̀rá ẹfun mi. "Láfún yín mà funfun o. Èló ni kóńgò?" Mo ní kì í ṣe láfún, ẹfun tí wọ́n fi ń pa ọwọ́ kí irin má baà yọ̀ ni. Ó rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Dírẹ́bà tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ wẹ̀yìn, ó ní kí ni mò ń fi irin ṣe. Mo ní mò ń kọ́ ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe ń fì lórí ọ̀pá.

"Háà," ló wí, "ọ̀bọ ò lọ ulé ùwé, ó sì mọ̀ ọ́n!"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in díẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé mo gbéra ga.

Ọ̀nà dára dé ibi kan, kò sì dára dé ibi kejì. Ní Ọ̀wẹnà, wọ́n to ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sẹ́bàá ọ̀nà bí ìgbà tí wọ́n to ìdì igi. Èyí tí a ń rà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ní Àkúrẹ́, ẹgbẹ̀rún méjì ni wọ́n ń nà án síni lójú fèrèsé, mo sì búra pé bí mo bá ń padà, n ó ra. Lẹ́yìn ìyẹn, oko kòkó ni lọ́tùn-ún lósì títí a fi wọ Oǹdó. Èdè ti yàtọ̀ níbẹ̀. Èmi ọmọ Ìkàrẹ́ yìí, bí àwọn ará Oǹdó bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá láàárín ara wọn, ńṣe ni mò ń mú ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́ta. Ọ̀kan tí mo tètè mú ni "ọma," bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ.

Ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń kó kòkó sí láyé ọjọ́un ni bàbá Morẹ́nikẹ́ fi ṣe ibi iṣẹ́. Òórùn kòkó ṣì wà lára ògiri. Ó mú mi wọlé tayọ̀tayọ̀, ó ṣí tapólì kúrò, mo sì rí ọ̀pá méjèèjì. Wọ́n dúró gírígírí, wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà búlúù, wọ́n sì ga bákan náà. Bákan náà gẹ́lẹ́.

Mo yí wọn ká. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò wọ́n láti ìsàlẹ̀. "Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, kí ojú má baà tì mí níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. "Kóòṣì, ẹ má bínú. Ẹni tó ya àwòrán yẹn fún yín kò fọkàn sí i. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó gbàgbé èkejì sílẹ̀. Mo ti bá yín tún un ṣe. Mi ò gba nǹkan kan kún un." Ó na pákó kan lé ọ̀pá méjèèjì, ó gbé irinṣẹ́ olómi tí wọ́n fi ń mọ ohun tó bá wọ́ lé e. "Ẹ wo omi inú ẹ̀. Àárín gbùngbùn!"

Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń jó irin, kò sì sí géètì kan tó tọwọ́ rẹ̀ jáde tó wọ́. Èmi ni mo wá gbéra láti Àkúrẹ́ pé kó ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Mo ṣàlàyé títí. Ó ní, "Kí n gé e? Kó kúrú? Bí oníbàárà bá wọlé, kí ni n ó sọ pé ó ṣe mí?" Níkẹyìn ó gé e, bí ẹni tó ń gé ìka ara rẹ̀. Nígbà tó jó o tán, ó bu ẹfun nínú ọ̀rá mi, ó pò ó mọ́ omi, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára òpó: KÓÒṢÌ LÓ NÍ KÍ N ṢE É BẸ́Ẹ̀.

Irin tutù tán, mo fa gbogbo rẹ̀ wò, mo sì tẹ́ fóòmù sábẹ́ rẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá kí Morẹ́nikẹ́ tó fọwọ́ kan ọ̀pá. Ọmọ náà dùn ún wò. Ó so rọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, ó na ara síwájú, ó gbé ọrùn ẹsẹ̀ wá sídìí ọ̀pá, ó fa ọ̀pá gba itan sókè bí ẹni tó ń fa ìró tó fẹ́ tú, ó sì ti wà lórí rẹ̀. Ó fò mọ́ ti òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Mo ní, "Dúró, dúró... ta!" Ó ta, ó sì ròkè.

Ìgbà yẹn ni bàbá arúgbó kan tó ń kọjá lọ yọjú wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ yìí wà láàárín ìfì, iwájú ló dojú kọ. Ó jáwọ́! Ó balẹ̀ sórí fóòmù gbìì, kí n sì tó lanu, ó ti wà lórí eékún. "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ọma dáadáa," ni bàbá náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo bá a wí, ó padà sókè. Kò pẹ́, ìyá kan wá béèrè fèrèsé irin tó gbé wá. Gbìì! "Ẹ káàárọ̀, mà." Lẹ́yìn rẹ̀, kátíkíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá yá àkàbà. Ìdí ló fi balẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó yí, ó sì kúnlẹ̀. Ní ilé tèmi ní Àkúrẹ́, a máa ń ti ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ nìkan ló sì ń wọlé. N kò rí irú èyí rí lẹ́nu iṣẹ́.

"Morẹ́nikẹ́, bí o bá wà lórí ọ̀pá, kò sí ẹni tí o gbọ́dọ̀ kí."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

"Èmi náà."

"Bó bá jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù?"

"Bíṣọ́ọ̀bù á dúró."

"Bó bá jẹ́ Màmá Àgbà?"

Mo wojú bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kì í ṣe pé Màmá ń bẹ̀rù kí ọmọ já bọ́. Ohun tó ń bí i nínú ni pé eré yìí ń kọ́ ọmọbìnrin láti na ẹsẹ̀ sójú àgbà. Ó ti sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé bí òun bá wọlé tí ọmọ yìí kò kí òun, a jẹ́ pé eré ti ba ẹ̀kọ́ ilé jẹ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì parí. Mo wò ó síwá, mo wò ó sẹ́yìn. Bí ọmọ bá kí i, yóò já. Bí kò bá kí i, wọn yóò mú un kúrò. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́. Mo pinnu pé bó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago méjìlá lù, kí ọmọ sọ̀ kalẹ̀, kó wà nílẹ̀ de Màmá, kó kí i tẹ́rùn kó tó padà sókè.

Èrò dáadáa ni. Àmọ́ Màmá Àgbà jẹ́ ará ìgbà tí wọ́n máa ń dé kí àkókò tó pé. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ kò tíì lù tí ìyá arúgbó fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, gèlè funfun lórí, ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́. Morẹ́nikẹ́ wà lókè pátápátá, ó ń bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ bá ti ìyá rẹ̀ àgbà pàdé. Mo rí ìka rẹ̀ tó fẹ́ ṣí.

Màmá Àgbà wò ó lẹ́ẹ̀kan. Wéré, ó kẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí ògiri.

"Mi ò tíì dé o!" ló kígbe. "Ẹ máa báṣẹ́ yín lọ, mi ò tíì dé!"

Ìka náà padà di irin mú. Mo kígbe, "Dúró... ta!" Ó ta, ó ròkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó padà sẹ́yìn, ó jáwọ́ níbi tó yẹ, ó sì balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ṣé ó ti sọ̀?" ni Màmá bi ògiri léèrè.

"Ó ti sọ̀, mà."

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ń bẹ nílẹ̀?"

"Méjèèjì, mà."

"Tóò. Mo dé." Ó yíjú padà. Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, omi lé ròrò lójú rẹ̀, "Ẹ káàbọ̀, mà." Màmá fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ó wá kọjú sí mi.

"Tíṣà, akọ̀pẹ ni bàbá mi. A kì í kí i bó bá wà lórí ọ̀pẹ. Ẹni o bá kí á fẹ́ dáhùn, ẹni tó fẹ́ dáhùn á yí ọrùn. Ìyá wa á ní ká kọjú sígbó títí á fi sọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọ̀pẹ lẹ gbìn síbí." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ó ti kí mi. Kó padà sókè, kí n wò ó."

Ó wò ó fún wákàtí kan. Bí ọmọ bá ti ń fì, ó ń di gèlè rẹ̀ mú. Bí àgbà kan bá sì ti yọjú, Màmá á na ọ̀pá ìtilẹ̀ sí i, "Kọjú sógiri, o ò tíì dé!" Nígbà tí a fi ṣe tán, àgbàlagbà mẹ́rin ló kọjú sí ògiri ilé kòkó náà ní ìlà kan, kátíkíìsì wà nínú wọn pẹ̀lú àkàbà léjìká. Ìdájọ́ Màmá kò gùn. "Kó máa lọ sí Àkúrẹ́. Àmọ́ ṣòkòtò yẹn, kí wọ́n fi aṣọ kún un."

Wọ́n fún mi ní iyán àti marúgbó, ọbẹ̀ ewé kan tó dúdú bí èédú, tó sì dùn débi pé n kò bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi bọ̀, mo gbàgbé láti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tí mò ń rò ni pé ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé àwọn tó dúró nílẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́ tiwọn láti kọ́.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Ọkọ mi béèrè ìrìn àjò. Mo sọ ọ́ fún un, ó sì rẹ́rìn-ín àwọn tó kọjú sí ògiri títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún ra ìgúnpá òsì mi. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni apá òsì mi kì í ti í nà tán, láti ìgbà tó sì ti ń fẹ́ mi sọ́nà ni mo ti sọ fún un pé ọ̀pá ló ṣẹ́ ẹ. Mo ní, "Bàbá Tóbi, ọ̀pá kọ́. Bàbá mi ni wọ́n wá wò mí ní Ìkàrẹ́. Mo wà lókè nígbà tí wọ́n wọlé. Mo jáwọ́ kí n lè kí wọn."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "O ò sì sọ fún Bàbá títí wọ́n fi lọ?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?" ni mo wí. "Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń fi mí yangàn kiri àdúgbò, pé ọmọ àwọn lẹ́kọ̀ọ́, pé pẹ̀lú apá tó ṣẹ́ ló fi kúnlẹ̀ kí àwọn."