Ìgè Ẹgbẹ́ Lékeléke

Òórùn bílíìsì ló máa ń wà lára mi láyé ìgbà yẹn. Ilé ìṣẹ́ gíga kan ní Uptown, nílùú òyìnbó, ni mo ti ń fi í nu ilẹ̀ lóru. Bí mo bá padà dé apartment wa ní Sharpstown láàárọ̀ Sátidé, bí mo tilẹ̀ fi ọṣẹ wẹwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, iṣu tí mo bá ń sè á ṣì máa rùn bílíìsì. Irú àárọ̀ Sátidé bẹ́ẹ̀ ni bàbá Ìgè bá mi ní kíṣìnnì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ìyá Ìgè, ibí lo máa tẹ̀ka sí." Mi ò kàwé, àtàǹpàkò ni mo fi ń buwọ́ lùwé.

Ìwé kóòtù ni. Wọ́n fẹ́ yí orúkọ ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo padà, kó kúrò ní Ìgè, kó di Erica. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, òun fúnra ẹ̀ ló sì bẹ bàbá ẹ̀. "Icky" ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, ohun tó bá ń ríni lára ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bó bá ti dé, á ju báàgì sílẹ̀, á wọ kọ́lọ́sẹ̀ẹ̀tì tí a ń kó aṣọ sí lọ, á jókòó sáàárín bàtà. Bàbá ẹ̀ ò burú o. Wọ́n ń kàwé ẹnjiníà nígbà náà, àwọn náà ti gbọ́ orúkọ ara wọn lẹ́nu òyìnbó, wọ́n mọ bó ṣe ń ta.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lọmọ yẹn fi wáyé. Ọjọ́ méjì ni mo fi rọbí, àwọn nọ́ọ̀sì ti ń wojú ara wọn. Ọmọ tó bá wá báyẹn, ẹnikẹ́ni kì í wá orúkọ fún un, ó mú un wá látọ̀run ni. Ìyá mi máa ń sọ pé, "Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ." Bí mo bá ń ṣoríkunkun ní kékeré, wọ́n á kàn pe gbogbo orúkọ mi tán, ara mi á sì rọ̀. Mo ní kí bàbá Ìgè jẹ́ kí iṣu jinná ná. Wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì mú ìwé náà mọ́ ara fìríìjì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ará Mẹ́síkò tó ń gbé òkè wa kó lọ sí Fondren, ó sì fún Ìgè ní géèmù tí ọmọ ẹ̀ ti dàgbà jù. Ó rí ràkọ̀ràkọ̀ bí búlọ́ọ̀kù kékeré, bátìrì mẹ́rin ló ń jẹ, ojú ẹ̀ tí àwòrán ti ń rìn dàbí omi ewé tó ti sùn. Baseball ló wà nínú ẹ̀, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń figi gbá. Ẹgbẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lára fìlà. Mo ní lékeléke nìyẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá ń fò kọjá lókè oko bàbá mi, a máa ń na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n ta wá lọ́rẹ èékánná funfun. Bí tèmi bá ní àmì funfun kan, mi ò ní jẹ́ kí ará ilé sinmi. Láti ọjọ́ yẹn, Ẹgbẹ́ Lékeléke ni Ìgè ń pè wọ́n.

Lọ́jọ́ Àìkú, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mi ò tíì tú gèlè, mo gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú kọ́lọ́sẹ̀ẹ̀tì. "Màmi, ẹ wá wò ó. Orúkọ mi ni."

Ó tọ́ka sí lẹ́tà mẹ́ta fún mi: igi kan tó nàró, ìwọ̀ kan tó ká, òòyà eléyín mẹ́ta. I, G, E. Àwọn ni lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé mi. Ìgè inú géèmù ni ẹni kẹjọ tó máa gbá a. Ó ní ẹni tó tẹ̀lé e ń jẹ́ OKE.

"Òkè kẹ̀?" ni mo wí. "Ọmọ tó tinú àpò wá nìyẹn." Èmi náà jókòó sáàárín bàtà. Ìgè àti Òkè nínú ẹgbẹ́ kan, ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ó ku ká mọ ìlú wọn.

"Ṣé ará Òṣogbo ni, Màmi?"

"Wo bó ṣe dúró. Ará Ìbàdàn ni, kò kánjú."

Ìgè inú géèmù ò mọ̀ ọ́n gbá, afẹ́fẹ́ ló ń figi nà. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Ìgè Àdùbí, afẹsẹ̀wáyé, má dójú tì wá." Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù fò jáde. Ariwo wa ló mú bàbá ẹ̀ yọjú.

Wọ́n wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìgè, ará Japan ló ṣe nǹkan yìí. Orúkọ àwọn baba wọn ni. Kò sí Yorùbá kankan níbẹ̀."

Ojú tì mí. Ọmọ náà gbé géèmù sílẹ̀. "So it's not us?"

Mo ní, "Bí wọ́n bá ń jẹ́ ẹ lọ́hùn-ún náà, tí wọn ò fi pa mọ́, kí ló dé tí àwa ń bá bàtà gbé?"

Ó tún gbé géèmù náà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó yọ́ gbé géèmù lọ sílé ìwé. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló tú àṣírí fún mi níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já wọn sílẹ̀. Ó ní Ìgè ti ṣòfin: ẹni tí ò bá pe orúkọ òun bó ṣe yẹ, ohùn ìsàlẹ̀ méjì, dò-dò, kò ní fọwọ́ kan géèmù. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ "Icky" gan-an, ẹ̀ẹ̀meje ló pè é kó tó rí i gbá.

Nígbà tó di Jímọ̀, bàbá ẹ̀ gbé yíǹkì dé. "Ìyá Ìgè, wá tẹ̀ka síwèé yẹn ká lè fi ránṣẹ́."

Ìgè gbójú sókè nídìí oúnjẹ. "Dádì, tí mo bá di Erica, kí lẹ máa pe Màmi?"

Wọ́n gbé yíǹkì sílẹ̀.

"Ìyá Erica," ni mo bá wọn sọ ọ́. Ó dún létí mi bí orúkọ obìnrin tó ń gbé ilé kejì.

Wọ́n fa ìwé náà yọ lára fìríìjì, wọ́n yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Ìgè ti fi pẹ́ńsù kọ gbogbo ohun tí Lékeléke gbá wọlé síbẹ̀, látòkè délẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ kà á. Wọ́n ní, "Ta ló gbá wọlé jù?"

"Òkè ni," ni ó wí. "Ìgè ṣì ń kọ́ ọ."

Wọ́n dé yíǹkì padà, wọn ò sọ̀rọ̀ ìtẹ̀ka mọ́.

Ìgè ti di dókítà báyìí, ọmọ ẹ̀ ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. "Doctor I" ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Màmi, ó ti rẹ̀ mí. Tí mo bá ní kí n máa kọ́ gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń pè é, mi ò ní ráyè wo aláìsàn." Òótọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní odindi ọ̀sẹ̀ kan tó lè fi dúró ti orúkọ ẹ̀, àgbàlagbà ò ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé ọmọ yẹn lágbára ju dókítà yìí lọ. Ṣùgbọ́n bó bá wọlé tó rẹ̀ ẹ́, tí mo ké sí i, "Ìgè", ó máa ń dáhùn kí n tó pè é tán.