Sípíríǹgì Tó Kọjú sí Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá. Bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù, ọkàn mi ò tíì balẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mo fẹ́ràn mọ́tò. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Yaba, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n gbàgbé oúnjẹ, ẹ gbé fídíò àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe síwájú mi. Mo ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì fúnra mi rí. Mo ti pààrọ̀ bíréèkì náà, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ohun tó wá ń wù mí ni kí mọ́tò mi sún mọ́lẹ̀, kó máa di títì mú tí mo bá ń ya kọ́nà. Sípíríǹgì kúkúrú tó le ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo rà á. Ó wá ku ta ló máa bá mi fi í sí i.

Ẹ̀gbọ́n Ráfíù, tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ẹsẹ̀ mọ́tò ṣe ní Mushin, ní kí n gbé e wá, kí n má dán an wò nílé. Mo rò pé iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Ṣé kì í ṣe fídíò tí mo wò náà ni?

Gbénga ọkọ mi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Nígbà tó rí mi pẹ̀lú jáàkì nínú kọ́m̀páǹdì wa ní Surulere, ó bi mí bóyá kò ní dáa ká kúkú gbé e lọ Mushin. Mo ní kó kàn wá bá mi di nǹkan mú. Mo tú ẹsẹ̀ mọ́tò kan jáde pẹ̀lú sípíríǹgì ẹ̀, Gbénga jókòó, ó dì í mú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kí sípíríǹgì tó lè jáde lára ẹsẹ̀ mọ́tò, ẹ máa fi irin méjì tó ní ìkọ́ há a lọ́tùn-ún lósì, ẹ máa fi sípánà yí irin náà, sípíríǹgì á sì máa fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá fún pọ̀ tán, agbára tó ń gbé mọ́tò dúró ló wà nínú ẹ̀ yẹn. Àárín orúnkún ọkọ mi ló wà.

Mo ti yí i débi tó yẹ, mo ti tú nọ́ọ̀tì orí ẹ̀, kí n tó gbọ́ “kẹ̀.”

Ìkọ́ kan ti yẹ̀. Etí irin ló rọ̀ mọ́. Sípíríǹgì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí ẹ̀ kọjú sí àgbọ̀n Gbénga.

Kí lẹ máa ṣe ká ní ẹ̀yin ni? Tí mo bá fi sípánà kàn án, ó lè fò. Tí Gbénga bá sì fi í sílẹ̀, ó lè fò.

“Má mira,” ni mo wí.

Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Ṣé ó máa bẹ́ ni?”

Mo ní mi ò mọ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni Àlàájà, onílé wa, ṣí géètì wọlé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n padà síta. Wọ́n rò pé à ń jà, wọ́n ti fẹ́ máa bá wa wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ojú Gbénga. Wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n sì ti géètì. Mo ń gbọ́ àdúrà wọn láti ìta.

Mo fi fídíò pe Ẹ̀gbọ́n Ráfíù, mo gbé fóònù sí i kí wọ́n lè rí i.

“Ta ló jókòó síbẹ̀ yẹn?”

“Ọkọ mi ni, sà.”

Ohùn wọn rẹlẹ̀ lójijì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn dẹ́rù bà mí ju ìkọ́ tó yẹ̀ lọ.

Wọ́n ní kí Gbénga kọ́kọ́ gbé ojú ẹ̀ kúrò lọ́ọ̀ókán orí sípíríǹgì. Kó wá dá a dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, kí orí ẹ̀ kọjú sí fẹ́ǹsì, kó fi í sílẹ̀, kí àwa méjèèjì wọlé ká tilẹ̀kùn. “Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Mò ń bọ̀.”

Gbénga dá a dùbúlẹ̀. Ó dìde, ó ń fẹ̀yìn rìn, mo di aṣọ ẹ̀ mú lẹ́yìn. A ò tíì tilẹ̀kùn tán tó fi bẹ́.

Ìró ẹ̀ kọjá ohun tí mo lè ṣàpèjúwe. Nígbà tá a yọjú, omi ń ṣàn láti ara táǹkì omi wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Irin tó ní ìkọ́ ti dá a lu, ó ṣì há síbẹ̀. Gbénga lọ dúró síwájú ihò náà. Àyà ẹ̀ gan-an ni ihò náà bá dọ́gba.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Ráfíù dé, mo ti ń retí èébú. Wọn ò bú mi. Wọ́n wo táǹkì, wọ́n jókòó sórí pèpéle. Wọ́n ní inú kéèjì irin làwọn ti ń fún sípíríǹgì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa dúró níwájú ẹ̀. Wọ́n ní, “Èmi náà, ojoojúmọ́ lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí.” Wọ́n bá wa kó gbogbo ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo bi Gbénga pé kí ló dé tó fi gbà láti jókòó síbẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ti ń ba òun látìgbà tí mo ti kọ́kọ́ fi sípánà sí i, àmọ́ inú mi ń dùn gan-an, òun ò fẹ́ bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti bi ara mi bóyá mo mọ iṣẹ́ náà, àmọ́ mi ò bi ọkọ mi bóyá ẹ̀rù ń bà á.

Màá ṣì máa pààrọ̀ plọ́ọ̀gì fúnra mi o. Ṣùgbọ́n nǹkan tó bá ní irú agbára yẹn nínú, tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló máa bá mi dì í mú, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní irinṣẹ́ ẹ̀ ni màá gbé e lọ. Ẹ̀yin náà, kẹ́ ẹ tó pinnu, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó máa dúró tì yín.

Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí, àwọn tó ń tún mọ́tò ara wọn ṣe. Àmọ́ àwọn tí mo fẹ́ gbọ́ tiwọn jù ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ẹnì kan di nǹkan mú rí, tẹ́rù ń bà yín, tẹ́ ẹ ò sì lè sọ ọ́. Kí ló pa yín lẹ́nu mọ́?