Ọ̀sán Tí Mo Ké Tí Àdúgbò Kò Dáhùn

Òórùn epo dísẹ́ẹ̀lì ló máa ń jí wa nígbà náà, nílé wa lẹ́yìn Liverpool Road ní Àpápá. Ọdún kejì tí èmi àti ọkọ mi fẹ̀yìntì ni. Òun ti fi ọgbọ̀n ọdún wa kirénì ní èbúté. Èmi ṣe tíṣà ní Ajégúnlẹ̀. Àwa tí a gbaṣẹ́ kété lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ṣé ẹ rántí, a rò pé àárín ọmọ àti aládùúgbò la ó darúgbó sí. Àmọ́ àwọn ọmọ wa ti lọ sókè òkun, àwọn aládùúgbò ti ta ilé wọn fún àwọn tó sọ ọ́ di ọ́fíìsì, tírélà sì tò dé ẹnu géètì wa. Mo bẹ̀rù àwọn awakọ̀ wọn bí ẹní bẹ̀rù olè. Bí mo bá fẹ́ kọjá láàárín wọn, ṣe ni mo máa ń di báàgì mi mọ́yà.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọkọ mi ń bó ọsàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni ọ̀bẹ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di àyà mú, òógùn bò ó. "Tíṣà," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "mi ò lè mí dáadáa." Mo sáré síta, mo ké sí ilé ọ̀tún, mo ké sí tòsì. Gbogbo ọ́fíìsì ló wà ní títì. Mọ́tò wa wà nílẹ̀, àmọ́ tírélà ti dí géètì pa. Ohùn ara mi nìkan ni mò ń gbọ́.

Ọkùnrin kan tó ń se ìrẹsì lábẹ́ tírélà rẹ̀ dìde. Àpá ńlá wà lójú rẹ̀. Mo fà sẹ́yìn.

"Mama, wetin happen?"

"Ọkọ mi ń kú lọ o!"

Ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ mi lé ẹní tí wọ́n ń sùn sí, wọ́n gbé e gba àárín àwọn tírélà lọ sí ọsibítù. Mò ń sáré tẹ̀lé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi, mò ń gbàdúrà kí ọkọ̀ kankan má ṣí. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́.

Ọkọ mi lo ọdún mẹ́rin sí i. Nígbà tí mo padà lọ dúpẹ́, awakọ̀ náà ti lọ. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Ẹ̀rù kò kúrò lára mi, ó kàn yí ibi tó kọjú sí padà ni. Ilé tí kò sẹ́ni tó máa dáhùn ni mò ń bẹ̀rù báyìí. Bí mo bá dá wà lọ́sàn-án, mo máa ń ṣí géètì sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà níta lè gbọ́ mi.