Ilé Kòkòrò Kan Tí Ìyá Mi Kò Sè

Òórùn omi eérú ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi bá fẹ́ se sányán. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà ní Ìsẹ́yìn mọ òórùn ọ̀hún, bí irun tí iná rá. Ìyá mi á da ilé kòkòrò tí àwọn ará oko já lórí igi ìrà, èyí tí ọ̀pọ̀ kòkòrò jọ ń gbé inú ẹyọ kan, sínú ìkòkò ńlá, á sè é títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ran án di òwú, tí bàbá mi yóò sì hun ún. Kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án ní tútù, torí ó ń yún èèyàn bíi wèrèpè.

Ọdún kejì tí àwọn òyìnbó ń bára wọn jagun ni mo wọ ilé ìwé àwọn onígbàgbọ́. Ìmàle ni wá nílé, bàbá mi kò sì fẹ́ kí n lọ. Ẹ̀bẹ̀ ìyá mi ló jẹ́ kó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́ mi ní irọ́ ni ìwé parí. Èmi sì rèé, mo fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ.

Tíṣà wa, ọmọ Ẹ̀gbá kan tí kò dé ibi tí wọ́n ti ń se sányán rí, ya àwòrán mẹ́rin sójú pátákó: ẹyin, kòkòrò, ilé rẹ̀, àti àfòpiná. Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ òyìnbó, a sì ń ké e bí orin. Ó wá bi mí pé kí ni kòkòrò sányán tó ti kọ́lé ń dà. Mo dìde, ọkàn mi balẹ̀, ṣebí ọmọ onísányán ni mí.

"Aṣọ ló ń dà, sà. Kì í fò."

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà nà mí lẹ́gba mẹ́fà, ó ní kò sí ohun tó le nínú ẹ̀kọ́ yìí, olódo ni mí. Bẹ́ẹ̀, inú ìkòkò ni gbogbo wọn ń kú sí nílé wa. Níbo ni kí n ti rí èyí tó fò?

Nígbà tí mo rò ó nílé, inú bí bàbá mi, kì í ṣe sí mi. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń hun sányán, òun kò rí èyí tó fò rí. Irọ́ tí òun wí náà nìyí, n kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́. Mo sunkún títí ojú mi wú. Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó mú ilé kòkòrò kan kúrò lára èyí tó fẹ́ sè, ó fi í sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré, ó da aṣọ bò ó, ó gbé e kọ́ sábẹ́ òrùlé.

"Bàbá Sàfúrà, ẹ jẹ́ kí Sàfúrà dúró ti eléyìí títí di Iléyá. Bí nǹkan kan ò bá jáde, kó máa bá mi rànwú."

Ọjà dé, ọjà lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọjá lọ sílé ìwé, èmi ń tú òwú, mo sì ń yọjú wo apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin sí Iléyá, mo ti gba kádàrá. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo gbọ́ tí nǹkan ń ta pẹ́pẹ́ lábẹ́ aṣọ. Mo ṣí i. Àfòpiná funfun mẹ́ta ń gbọn ìyẹ́.

Bàbá mi dìde nídìí òfì, ó wò wọ́n títí. Òun ló máa ń sọ fún wa pé ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ó ní kí n lọ wẹ̀, kí n máa lọ sílé ìwé. Lẹ́yìn náà ló bi ìyá mi bóyá ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Mo mọ̀. Àwọn ará oko máa ń mú èyí tó ti lu, tí inú rẹ̀ ṣófo, wá fún mi. Ẹ ò bi mí ni."

Èmi náà di olùkọ́, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ girama ní báyọ́lọ́jì. Bí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi bá ń ráhùn pé orí àwọn ọmọ kò gba ẹ̀kọ́ nípa bí ohun abẹ̀mí ṣe ń bí sí i, èmi ni mo máa ń sọ pé orí wọn kò ṣófo. Wọ́n ti rí nǹkan bọ̀ láti ilé. Mo lè sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì, mo bi kíláàsì mi nínú ìdánwò pé kí ló ń mú kí iṣu di púpọ̀. Ọmọbìnrin kan láti Ìgbòho kọ ọ́ pé, "Ọ̀bẹ bàbá mi ni." Mo rẹ́rìn-ín, mo fi gègé pupa fa igi lé e lórí. Ìgbà tí mo dá ìwé rẹ̀ padà, tí mo rí ojú rẹ̀, ni mo tó rántí ẹ̀bù tí àwọn àgbẹ̀ ń fi ọ̀bẹ gé kí wọ́n tó gbìn ín. Sàfúrà kékeré sọ ohun tó rí, wọ́n sì nà án. Sàfúrà àgbà ló mú ẹgba dání báyìí, n kò sì bi ọmọ náà ní ohun tó rí kí n tó fa igi.