Ìrépé tí Àṣàbí Kàn Mọ́ Pákó

Bí Sìmbíátù bá kórìíra nǹkan, kì í pariwo. Yóò kàn ṣu ẹnu jọ bí ẹni tó bu ẹja tó ti bàjẹ́ sẹ́nu láàárín àlejò, tí kò sì rí ibi tí yóò tu ú sí.

Ilé ọkọ rẹ̀ wà ní Addo, lẹ́bàá Ajah, ṣùgbọ́n ọmọ etí ọ̀sà ni òun. Bàbá rẹ̀ a máa so àwọ̀n. Igi pẹlẹbẹ kan ló fi ń wọn ojú àwọ̀n rẹ̀, kí ọ̀kan má baà fẹ̀ ju èkejì lọ, kí ẹja má baà gba ibẹ̀ sá. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ọmọ ọkùnrin pín ọkọ̀, wọ́n pín àwọ̀n. Sìmbíátù mú igi náà, ẹnikẹ́ni kò bá a dù ú. Òun ló wá ń fi wọn kóróṣéè, aṣọ òwú tó ń fi abẹ́rẹ́ tó ní ìkọ́ lẹ́nu hun.

Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ ọ ní kóróṣéè híhun. Fìlà àlùfáà kan tó ti gbó ló tú wò, ó tún un hun, ó tún un tú, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀nà. Òfin kan ló sì fi lélẹ̀ fún ara rẹ̀. Kí ó tó dáwọ́ lé iṣẹ́ kankan, yóò kọ́kọ́ hun ìrépé kan fi dán ọwọ́ wò. Yóò fọ̀ ọ́, yóò sá a, yóò tẹ́ ẹ sórí ẹní láìfà á, lẹ́yìn náà ni yóò gbé igi lé e. Bí ìrépé bá kéré sí igi, a jẹ́ pé ọwọ́ ń fún òwú jù, abẹ́rẹ́ tó sanra ni kí onítọ̀hún mú. Bó bá tóbi jù, kó mú èyí tó tín-ín-rín. Ó máa ń sọ pé ọwọ́ ènìyàn kì í gbọ́ ìbáwí. Abẹ́rẹ́ ni kí a pààrọ̀.

Lọ́dún tí àlejò kún Èkó nítorí Fẹ́sítáákì, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Modúpẹ́, fẹ́ relé ọkọ ní Ìbẹ́jù. Sìmbíátù ti pinnu pé aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì funfun, alákòópọ̀ ìrépé, ni ọmọ náà yóò gbé wọlé. Òun alára wọlé ọkọ lọ́wọ́ òfo, Àṣàbí kò sì jẹ́ kó gbàgbé rẹ̀. Àṣàbí yìí, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kàsímù, ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin. Iyọ̀ ló ń tà.

Àwọn obìnrin ilé ní àwọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí aṣọ náà, kí ọmọ lè sùn lórí iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ìyá rẹ̀. Sìmbíátù gbà. Ó ní kí kálukú mú ìrépé ìdánwò wá. Ó fọ tiwọn, ó wọ̀n ọ́n, ó sì pààrọ̀ abẹ́rẹ́ fún ẹni tó yẹ. Ti Àṣàbí nìkan ni kò fọ̀. Ìyàwó ilé wo ni yóò gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí yóò tì í bọ omi lójú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ẹ̀rí olè? Ó kúnlẹ̀ gbà á, ó gbé igi lé e, ó bá igi mu géérégé. Ó dúpẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ti Àṣàbí ló kọ́kọ́ dé. Ó funfun, ó gan bí páànù.

Àṣàbí ní, “Ìyàwó wa onígi, wọ̀n ọ́n dáadáa o. Bó bá fi ẹ̀yọ òwú kan dín, kí o ké sí gbogbo àdúgbò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sìmbíátù náà rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó jókòó láti so wọ́n pọ̀ ni òórùn kan gún un nímú: sítáṣì pákí tó ti kan. Ó gbé ìrépé kan sí ìmọ́lẹ̀, ó sì rí àmì ìpẹtà ní igun rẹ̀. Ó yí i, igun kejì ní tirẹ̀. Ó mú òmíràn, bákan náà. Gbogbo rẹ̀ wá yé e. Ìrépé wọ̀nyí kò tó. Wọ́n rẹ wọ́n sínú sítáṣì, wọ́n fà wọ́n nà, wọ́n fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ pákó títí wọ́n fi gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ti ìdánwò, èyí tó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lé lórí. Ó jáde lọ tutọ́.

Modúpẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, ìgbéyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjà kò dára.

Ó dá a lóhùn pé, “Ọjọ́ tí o bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ nílé ọkọ, yóò súnkì, yóò sì fa ti àwọn yòókù ya. Wọn ò ní bèèrè Àṣàbí. Wọn óò ní ìyá rẹ ló gbé àkísà fún ọ.”

Ní ọjọ́ tí gbogbo àwọn obìnrin pé, Sìmbíátù gbé agbada omi sí àgbàlá. Ó bẹ Àṣàbí pé kó fún òun láyè láti fọ gbogbo ìrépé pọ̀, tirẹ̀ náà. Kò sí bí ìyẹn ṣe lè kọ̀ lójú èèyàn. Omi dà bí omi ògì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sítáṣì wọ abẹ́ èékánná Sìmbíátù, ó ń rùn, ó ṣu ẹnu jọ, ó ń fọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tí oòrùn fi máa yẹ̀, ìrépé àwọn yòókù tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ẹní. Ti Àṣàbí ti súnkì bí ìgbín tí wọ́n fi iyọ̀ kàn.

Àṣàbí ní omi kànga wọn ló níyọ̀, òun ló fà á.

Fàúsátù, ìyàwó àbúrò ọkọ Sìmbíátù, rọra sọ pé, “Ìyá Kàsímù, omi kan náà la fi fọ tiwa.”

Sìmbíátù kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni yín, n kò gbọ́dọ̀ bú yín. Ọwọ́ yín kò burú, ó kàn ń fún òwú ni. Ká ní ẹ jẹ́ kí n rí i bó ṣe rí, abẹ́rẹ́ ni ǹ bá pààrọ̀.” Ó gbé abẹ́rẹ́ tó sanra sórí ẹní.

“Ṣé kí n wá jókòó tì ọ́ bí ọmọ iṣẹ́?”

“Rárá o. Ẹ hun ún nílé yín. Bó bá dé, n óò fọ̀ ọ́.”

Àṣàbí mú abẹ́rẹ́ náà lórí ẹní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, ó rán ìrépé tuntun wá, òun fúnra rẹ̀ kò tẹ̀lé e wá. Sìmbíátù fọ̀ wọ́n, ó sá wọn, ó gbé igi lé wọn. Wọ́n bá a mu. Àwọn ará ilé ní, kí Ọlọ́run jẹ́ kó parí síbẹ̀.

Ìsàlẹ̀ aṣọ, níbi tí ẹsẹ̀ máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ni Sìmbíátù so wọ́n mọ́.

Modúpẹ́ wò ó títí. “Màámi, ṣebí wọ́n bá igi mu?”

“Wọ́n bá a mu,” ni ó wí. Ó gé òwú, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró bí ẹni tó ṣèèṣì fọwọ́ kan ẹja tó ti bàjẹ́.