Aṣọ Pupa Létí Kànga

Bí mo bá sọ iṣẹ́ tí ìjọba gbà mí fún létí àwọn ará ilé wa lókè, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. "Wọ́n ń sanwó fún ọ pé kí o máa wá ibi tó bàjẹ́ kiri?" Bẹ́ẹ̀ ni o. Gbogbo ilẹ̀ tí epo rọ̀bì ti dà sí létí òkun Ìlàjẹ, láti apá Ararọ̀mí títí dé Molútẹ̀hìn àti Awoyè, àwa tí a wà ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Ìgbókọ̀dá la ní láti mọ̀ ọ́n. A ó wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, a ó bu iyanrìn àti omi sínú ìgò, a ó gún èèkàn tí a kùn ní ọ̀dà pupa yí ibẹ̀ ká, a ó sì fi àmì sí i lórí máàpù ńlá ara ògiri. Tó bá yá, a ó tún padà lọ wò ó bóyá ó sàn tàbí ó burú sí i. Èmi kò rí èyí tó sàn. Iṣẹ́ tiwa ni ká mọ̀ pé ó bàjẹ́. Títún un ṣe, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni, mi ò sì mọ ọ́fíìsì tí ẹlòmíràn náà wà.

Èmi kì í ṣe ọmọ etí omi. Àárín àpáta ni wọ́n bí mi sí, odò tí mo mọ̀ kí n tó dé Ìlàjẹ kò ju orúnkún lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, mo di etí rẹ̀ mú débi pé awakọ̀ wa bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Àǹtí, ẹ fi ọkọ̀ mi sílẹ̀, kò fẹ́ sá lọ." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé. Mo tètè máa ń bínú, kí ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Abúlé kan wà láàárín Molútẹ̀hìn àti Awoyè tí mo máa ń sùn sí bí ọjọ́ bá lọ bá wa lọ́nà. Orí òpó ni ilé wọn wà, pákó ni wọ́n tò láti ilé dé ilé kí ènìyàn lè rí ọ̀nà rìn, omi sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìyá àgbàlagbà kan tó ń yan ẹja ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Opó ni. Èmi ń pè é ní Màmá. Òun ń pè mí ní Ìyàwó Gọ́mìnà. Ó ní obìnrin tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ kó máa rìn kiri inú omi báyìí, Gọ́mìnà nìkan ló lè jẹ́ ọkọ rẹ̀. Bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi Ìlàjẹ sọ̀rọ̀, ìdajì ni mo ń gbọ́. Bó bá fẹ́ kí n gbọ́, á yí i sí Yorùbá tí a ń sọ lókè, á sì máa fi bí mo ṣe ń fa ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Pupuru àti ọbẹ̀ ẹja tútù rẹ̀ ló jẹ́ kí n lè gbé etí omi.

Omi iyọ̀ ló yí abúlé náà ká. Kànga kan ṣoṣo ni wọ́n ní, lórí ilẹ̀ oníyanrìn díẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Ọkọ Màmá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ nígbà tí òkun gbé kànga àtijọ́ lọ. Nígbà òjò, wọ́n ń gbe omi òrùlé sínú dúrọ́ọ̀mù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kànga yẹn ni. Màmá máa ń wí pé, "Òkun ń jẹ wá bọ̀ níwájú, epo ń jẹ wá bọ̀ lẹ́yìn. Kànga yìí ló so wá pọ̀. Ọjọ́ tí kò bá sí mọ́, a ti túká nìyẹn." Àwọn ọmọ rẹ̀ pè é títí pé kó wá máa bá àwọn gbé l'Ékòó. Kò lọ. Ó ní ta ni yóò jókòó ti sàréè bàbá wọn?

Ìgbà tó yá, páìpù kan bẹ́ nínú igbó tó wà lẹ́yìn abúlé náà. Nígbà tí omi òkun kún, ó gbé epo gun orí iyanrìn. Bí a ṣe débẹ̀, ẹsẹ̀ wa ń rì sínú ẹrẹ̀ dúdú, òórùn rẹ̀ sì ń gún mi lórí. Mo fa omi kànga náà sókè. Ojú rẹ̀ ń dán bí ẹ̀yìn eṣinṣin. Wọ́n ní omi kì í lọ́tàá. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rí epo rọ̀bì.

A fi omi náà ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì tó dé ni pé kò ṣeé mu, kò ṣeé fi se oúnjẹ, kò ṣeé fi wẹ ọmọ. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ sọ fún wọn. Mo sọ ọ́ níwájú Baálẹ̀ àti gbogbo abúlé, mo sì ti múra de ariwo, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pariwo. Màmá nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé ara aláìsàn ló ń béèrè. Ó ní, "Ṣé ó ṣeé wò sàn?" Mo ní ó ṣeé wò sàn. Mo ní wọ́n á gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, wọ́n á kó iyanrìn tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n á kó òmíràn sí i, omi tó mọ́ á sì tún sun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa, mo sì gbà á gbọ́.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gún èèkàn pupa wa yí kànga ká. Baálẹ̀ wo ọ̀dà náà, ó mi orí. Ó ní, "Ọ̀dà kò sọ nǹkan kan fún wa. Àálè la mọ̀." Ó ní kí wọ́n lọ mú aṣọ pupa wá. Wọ́n ya á sí wẹ́wẹ́, wọ́n so ó mọ́ orí èèkàn kọ̀ọ̀kan. Lókè wa náà, bí ènìyàn bá rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lórí ìdì igi nínú oko, kò ní fọwọ́ kàn án, nítorí olóhun ti fi àálè sí i. Ṣùgbọ́n tiwọn le ju tiwa lọ. Baálẹ̀ là á yé gbogbo ènìyàn pé ẹni tó bá fi àálè sí nǹkan nìkan ló lè tú u. Bí àálè bá ṣì wà níbẹ̀, èèwọ̀ ni. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́, olúwa rẹ̀ ti yọ̀ǹda, kí olúkúlùkù gbé korobá rẹ̀. "Ìjọba ló fi eléyìí sí i," ó ní, "ìjọba ni yóò wá tú u."

Inú mi dùn, kí n má parọ́. Ní ibòmíràn, àwọn ènìyàn máa ń fa èèkàn wa tu kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n á fi ti ilé. Níbí yìí, ọmọdé tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn aṣọ pupa náà, ṣe ló fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ síbẹ̀. Ọ́fíìsì wa bá káńsù sọ ọ́, ọkọ̀ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi wá fún wọn láti Ìgbókọ̀dá. Nígbàkigbà tí mo bá dé, ìbéèrè kan náà ni Màmá fi máa ń kí mi: "Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wá wo kànga wa sàn?" Mo ní wọ́n ń bọ̀.

Ìjà dé láàárín àwọn Ìlàjẹ àti àwọn aládùúgbò wọn. Ẹ má bi mí léèrè ohun tó fà á. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ epo ni. Àwọn tó jọ ń ná edé lọ́jà kan náà, tí wọ́n ń fi ọmọ fún ara wọn fẹ́, wọ́n yìnbọn lu ara wọn nínú odò. Awakọ̀ wa so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní èbúté, ó ní, "Àǹtí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èmi ò lọ mọ́." Ọkọ̀ omi náà kò lọ mọ́. Wọ́n sun abúlé Màmá. Àwọn tó rí ọkọ̀ wọ̀ bọ́ sí Ìgbókọ̀dá, Màmá sì wà lára wọn. Kíláàsì ilé ìwé kan ni wọ́n kó wọn sí, ẹní rẹ̀ wà lábẹ́ pátákó ìkọ̀wé.

Mo ń lọ wò ó níbẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ tó jóná, kì í sọ̀rọ̀ ẹja rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kànga ni. "Ìyàwó Gọ́mìnà, àwọn yòókù ń sọ pé Èkó làwọn ń lọ. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní bí wọ́n bá ti wo kànga wa sàn, a óò padà sílé. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìjọba létí."

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi ní, "Ibi tí ìbọn ti ń dún, ta lo fẹ́ kí n rán lọ síbẹ̀?" Ó rí bẹ́ẹ̀. Mo dúró títí ìbọn fi rọlẹ̀, mo tún lọ bá a. Ó ní ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí ni, bí a bá tún un ṣe fún apá kan, apá kejì á ní a ti fi í fún wọn. Ó ní kí a yọ ọ́ kúrò lára àwọn tí wọ́n fẹ́ tún ṣe lọ́dún yẹn. Mo pariwo mọ́ ọn lórí. Mo ní ṣé apá kejì ló ń mu omi kànga ni? Ó ní kí n jáde, mo jáde. Mo sunkún sẹ́yìn ọ́fíìsì bí ọmọdé, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ibòmíràn tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Kí n tó mọ̀, kíláàsì ti ṣófo. Wọ́n ní bí ìbọn ṣe rọlẹ̀, Màmá ti kó àwọn tó kù sẹ́yìn padà sílé. Ó pẹ́ kí awakọ̀ wa tó gbà láti gbé mi débẹ̀. Mo kó èèkàn tuntun dání, nítorí a ti gbọ́ pé wọ́n ti ba ti ibòmíràn jẹ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gan-an. Òpó ilé dúdú ló dúró sórí omi, ilé kò sí lórí wọn. Orí ilẹ̀ oníyanrìn yẹn ni wọ́n pàgọ́ sí, tapólì ni wọ́n fi bo orí. Màmá rí mi, ó jó wá pàdé mi. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ó ń jó.

"Ìyàwó Gọ́mìnà! Ẹ ṣé o! Ọlọ́run á ṣe tiyín náà. Mo sọ fún wọn! Mo ní ọmọ yẹn kò ní gbàgbé wa!"

Mi ò mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún. Ó fà mí jókòó, ó bu omi sínú ife, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún àlejò, ó gbé e fún mi. Mo gbé e dé ẹnu. Òórùn rẹ̀ kọ lù mí nímú.

"Màmá, níbo lẹ ti rí omi yìí?"

"Kànga wa ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ti wá tú àálè."

Mo sáré débẹ̀. Kò sí èèkàn, kò sí aṣọ. Nínú eérú ibi tí àwọn tó jagun ti dáná, mo rí kùkù igi kan tí ọ̀dà pupa ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n ti fi gbogbo rẹ̀ se oúnjẹ. Àwọn ará abúlé padà dé, wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé àálè kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n gbé korobá.

"A ò tú u!" Ohùn mi ti lọ sókè, mi ò lè dá a dúró. "Màmá, ẹnikẹ́ni ò débí! Wọn ò fọwọ́ kan kànga yìí! Ẹ má mu ún mọ́, ẹ má fún ọmọ!"

Àwọn obìnrin ti ń jáde lábẹ́ tapólì. Ìyá ọmọ kan gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn wéré. Mo ti rí i pé ara ọmọ náà sú. Màmá wojú mi. Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn fún mi.

"Ọkọ̀ omi ń bọ̀ lẹ́yìn yín?"

"Rárá, Màmá."

"Wọ́n ń bọ̀ wá wò ó sàn?"

Mo gbìyànjú láti sọ pé wọ́n ń bọ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. "Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára èyí tí wọ́n fẹ́ tún ṣe."

Awakọ̀ ti ń kó èèkàn tuntun bọ̀ láti inú ọkọ̀, ó ti gún ọ̀kan mọ́lẹ̀. Màmá lọ bá a, ó rọra fà á tu, ó gbé e wá fún mi.

"Ẹ má gún un, ọmọ mi. Bí ẹ bá gún un, a kò ní lè fọwọ́ kan kànga mọ́. Ẹ mọ̀ wá. Òùngbẹ á sì pa wá síbí."

Ó gba ife ọwọ́ mi. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, wọ́n máa ń gbàdúrà sí omi kí wọ́n tó mu ún. Ó gbé e sókè, ó pe orúkọ Jésù sí i, ó sì mu ún tán níwájú mi. Àwọn obìnrin yòókù ní "Àmín."

Mo kó àwọn èèkàn náà padà sínú ọkọ̀.