Ààmì Funfun Nínú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọ-ọmọ Mi

Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni ọmọ-ọmọ mi obìnrin nígbà tí ara rẹ̀ gbóná janjan. Ìyàwó mi fi ìka tẹ èrìgì rẹ̀, ó ní, "Eyín ló ń hù." Ní Igbó-Elérin wa níbí, kò sí ohun tí a kì í dá eyín lẹ́bi fún: ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ẹkún. Èmi náà gbà. A ra oògùn eyín ní Ìyànà Ìbà, a fún un mu.

Ní ọjọ́ kẹta, imú rẹ̀ ń ṣàn, ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n, ó sì ń sá fún ìmọ́lẹ̀. Báyìí gan-an ni àbúrò mi obìnrin ṣe ń fi ojú pamọ́ sínú ìró ìyá wa nígbà èwe wa. Eyín ni wọ́n pe tirẹ̀ náà. A sin ín kí oṣù náà tó parí.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa. Ó ti wọ sùtánà ìjọ aláṣọ funfun rẹ̀.

"Bàbá, ìsìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o," ló wí, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé mi láìwọ bàtà.

Ó bi ìyá ọmọ pé, "Ṣé ó gba abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́sàn-án?"

Ìyá ọmọ wolẹ̀. "Kàtá ń ṣe é lọ́jọ́ yẹn, mà. Mo ní kó lọ ná."

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ lọ sójú fèrèsé, ó fi ìdí ṣíbí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ mú awò yín wá." Awò kékeré tó ń mú kí nǹkan tóbi lójú, tí mo fi ń wo ewé ní yunifásítì láyé ọjọ́un ni. Mo tẹjú mọ́ inú ẹnu náà. Àwọn ààmì funfun tíntìntín wà níbẹ̀, bí iyọ̀ tí a wọ́n sórí ata lílọ̀.

"Èéyi ni," ó ní. "Kò ní pẹ́ yọ. Ẹ̀yìn etí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kó tó bọ́ sójú, kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ẹ má dúró dè é. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ káwọn ọmọ yòókù jìnnà sí i."

Ìyàwó mi ní òun á wá ẹmu tí a ó fi pa á lára.

"Mà, ẹmu yẹn, ẹ jẹ́ kí Bàbá mu ún," nọ́ọ̀sì dá a lóhùn.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n kán fítámì A sí i lẹ́nu kí èéyi má baà ba ojú rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tàbí tó kọ ọmú, ká sáré padà wá.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wo ẹ̀yìn etí rẹ̀. Ó ti yọ, pupa, níbi tí nọ́ọ̀sì ní yóò ti yọ gan-an. Ẹnu yà mí débi pé mo jókòó. Mo kàwé títí mo fi mọ orúkọ ewé tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ. Obìnrin yìí ka ẹnu ọmọ bí ẹni ń ka lẹ́tà. Àbúrò mi kò rí ẹni gbé e lọ sójú fèrèsé.

Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi jókòó ti ọmọ-ọmọ mi, tí mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó fa ìka mi sẹ́nu, ó gé e jẹ. Mo sáré mú awò. Eyín kan ti yọrí.

Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́: "Ṣé mi ò sọ fún yín!"